Láàbù méjì ní Àkúrẹ́, èsì jẹ́nótáìpù méjì: èwo ni ká gbà?

Ará Ọ̀kè-Àró
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Ọmọbìnrin kan ń múra ìgbéyàwó. Láàbù àkọ́kọ́ kọ AA fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kó tún un ṣe níbòmíì, AS ló jáde. AS sì ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ṣé jẹ́nótáìpù máa ń yí padà ni? Àwọn ẹbí ní kó ṣe ẹ̀kẹta, kí wọ́n mú èyí tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Oníláàbù Alágbàká
Ẹ kú àníyàn. Jẹ́nótáìpù kì í yí padà, àbímọ́ni ni: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì ló ṣìnà. Ẹ má sì dìbò lé e lórí o. Bí láàbù kẹta bá lo ọ̀nà kan náà, àṣìṣe kan náà lè tún jáde.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi wọ́n ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Electrophoresis ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. A óò fọ ẹ̀jẹ̀ náà, a óò fi omi tú u, a óò kán ín bín-ín-tín sórí bébà cellulose acetate, iná yóò sì máa fà á lọ nínú buffer, ìyẹn omi tí iná ń gbà kọjá, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan omi) jẹ́ 8.4 sí 8.6. Oríṣi èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ (hemoglobin) ni A, S àti C: A ló ń sáré ṣíwájú, S tẹ̀ lé e, C wà lẹ́yìn pátápátá. Bí ẹ̀jẹ̀ tí a kán bá ti pọ̀ jù, ìlà A á fẹ̀, á sì bo S mọ́lẹ̀; AS á wá dà bí AA. Buffer tí wọ́n ti lò títí tó ti ṣá, tàbí iná tó lọ lójijì, náà ń bà á jẹ́. Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n má tò ẹ̀jẹ̀ AS tí a ti mọ̀ dájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín lórí bébà kan náà. Láìsí ìyẹn, kí ni wọ́n fi wé e?

Orúkọ ọmọbìnrin náà ńkọ́, kí ìgò rẹ̀ má baà pààrọ̀ mọ́ tẹlòmíì? Kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò lójú rẹ̀, kó tó dìde lórí àga.

Ẹ tún bi ọmọbìnrin náà bóyá wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò tó 120 ọjọ́ nínú ara. Bí AS bá ni ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀, AA á ya AS lórí bébà.

Nọ́ọ̀sì Oǹdó
Oníláàbù ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kẹta náà jẹ́ HPLC. Ẹ̀rọ ni, iye ló ń kọ jáde. Lára AS, A máa ń tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, S á wà ní 35 sí 40. Iye A gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti S lọ. Bí S bá ju A, ẹ wá dókítà ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àyẹ̀wò oníṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá S wà. Kò lè ya AS kúrò lára SS (àìsàn sickle cell), kò sì rí C rárá, nítorí náà wọ́n lè kọ AA fún ẹni tó jẹ́ AC. C sì wà láàárín àwa Yorùbá dáadáa. AS fẹ́ AC, wọ́n lè bí SC, àìsàn nìyẹn náà.

Bó bá wá jẹ́ AS àti AS lóòótọ́, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn tó kù bọ́. Wọ́n lè yẹ oyún wò láti ara ibi ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 13. Kí àwọn méjèèjì gbọ́ èyí kí wọ́n tó pinnu.

Ará Ọ̀kè-Àró
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kó gbààwẹ̀ kó tó lọ?

Oníláàbù Alágbàká
Rárá, kó jẹun. Ìgò olómorí elésè-àlùkò ni kí wọ́n fà á sí, mililita 2 tó. Kí wọ́n rọra dojú rẹ̀ dé bí ìgbà mẹ́jọ, kí wọ́n má mì í jìgìjìgì. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá máa sùn mọ́jú, inú fíríìjì ni, kì í ṣe fíríísà.

Kí ọkùnrin náà bá a lọ o. Lórí bébà yẹn, ibi kan náà ni S àti D, oríṣi hemoglobin mìíràn, ń dúró sí. AS tirẹ̀ náà yẹ ní títúnwò.