Ìwé wo ló dá oorun mọ́ yín lójú láìpẹ́ yìí?

Àdùkẹ́ Òǹkàwé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìtàn apànìyàn, ìtàn iwin, èyíkéyìí tí ẹ bá kà láìpẹ́, ẹ wá sọ ojú tí ẹ fi rí i. Kì í ṣe èyí tí aráyé ń yìn o, èyí tó ṣe ẹ̀yin fúnra yín bákan ni mo ń bèèrè.

Èmi ni màá ṣíde. Dracula ni, ìwé ọdún 1897. Mo ti rò pé ìwé tó ti pẹ́ tó báyẹn kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́, pàápàá tó jẹ́ pé lẹ́tà àti ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ni wọ́n fi to ìtàn náà pọ̀. Àfìgbà tí mo dé ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wà lójú agbami, àwọn atukọ̀ ń dàwátì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá náà ò pariwo. Ó kàn kọ ọjọ́, ó kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ó kọ ẹni tí wọn ò rí mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa gúnlẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní síso mọ́ kẹ̀kẹ́ ìdarí ọkọ̀. Mo pa ìwé dé, mo lọ tan iná.

Ṣùpọ̀
Iná kan ṣoṣo? O láyà.

Ọláníkẹ̀ẹ́
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, inú ṣì ń bí mi. Mo yá ìwé kan ní ilé ìkàwé, wọ́n pa olówó kan sínú ilé rẹ̀, ta ló pa á? Mo dé ojú ìwé 12, ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ bàbá tó ń tọ́jú ọgbà. Ẹnì kan ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ bàbá náà, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: ÒUN NI.

Mo fẹ́ dá ìwé náà padà, ọkàn mi ò gbà. Bí mo ṣe ń kà á lọ nìyẹn, tí mò ń ṣọ́ bàbá ọlọ́gbà lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ó gé òdòdó, mo ní ẹ wò ó. Ó kí ìyàwó olóògbé kú ará fẹ́ra kù, mo ní alágàbàgebè. Ẹ sì wá gbọ́ o, mo kà á dé òpin, bàbá yẹn ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀! Ẹlòmíràn pátápátá ni. Ẹni tó ni bírò yẹn, Ọlọ́run ń rí ọ.

Fúnmi K.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ẹni yẹn gan-an ló yẹ kó máa kọ ìwé.

Àkànní
Ẹ má pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ó lè jẹ́ pé ó fura sí bàbá náà ní tòótọ́ nígbà tó dé ojú ìwé 12, ó kọ ọ́, ó wá rí i lẹ́yìn pé irọ́ ni, bírò ò sì ṣeé pa rẹ́.

Ọláníkẹ̀ẹ́
Àkànní, ta ló ń fura sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ? Ìkà ni.

Aláìsùn
Àbí ọ̀daràn inú ìwé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Fúnmi K.
Aláìsùn!!! Mo kú o.

Ìyá Ìbejì
Ti bírò ṣì sàn, irọ́ ló pa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ba tèmi jẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí The Murder of Roger Ackroyd ti Agatha Christie, n ò tíì ka orí kìíní tán, ó yọjú wo ẹ̀yìn ìwé, ó ní "áà, dókítà tó ń sọ ìtàn yẹn ló pa á," ó sì bá tirẹ̀ lọ. N ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Dèjì
Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun kan náà fún gbogbo wa?

Ìyá Ìbejì
Ìwé 1926! Ìgbà wo lo fẹ́ kà á, Dèjì?

Dèjì
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mà. Ó wà lórí tábìlì mi.

Ṣùpọ̀
Yéè.

Tíṣà Àgbà
Dèjì, má bínú, kà á. Mo ti mọ òpin rẹ̀ kí n tó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló sì dùn jù. Wo ibi tí dókítà ti kúrò lọ́dọ̀ Ackroyd. Ó ní aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n mú lẹ́tà wọlé. Ó ní aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun jáde. Ó ní òun dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun bojú wẹ̀yìn, òun ń rò ó bóyá ó ku ohun kan tí òun ò tíì ṣe. Ó parí. Kò parọ́ ẹyọ kan. Ó kàn fo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ojú gbogbo wa sì fò ó pẹ̀lú rẹ̀.

Dèjì
Ẹ ṣé sà. Báyìí mo ti mọ aago tó pa á pẹ̀lú.

Àkànní
Màgòmágó ni Christie ṣe níbẹ̀ o, Tíṣà. Àlùfáà Kátólíìkì kan wà, Ronald Knox, tóun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó kọ òfin mẹ́wàá fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀daràn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí òǹkàwé ti ń bá mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Obìnrin yìí rú òfin.

Fúnmi K.
Ọdún wo ni òfin yẹn jáde?

Àkànní
1929.

Fúnmi K.
Ìwé ńkọ́?

Ṣùpọ̀
Àkànní ti lọ mu omi.

Àkànní
Mo wà níbí. Bí òfin ò bá tiẹ̀ tíì délẹ̀, a mọ ohun tó tọ́. Bí ẹ bá ní kí n wá ọ̀daràn, ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ síwájú mi. Ìwé tí mo kà kọjá yìí, ojú ìwé tó kù sí òpin ò ju ogún lọ, ìbejì kan jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, òun ló pa gbogbo wọn. Mo sọ ìwé náà mọ́ ògiri. Knox fòfin de ìbejì pẹ̀lú o, àfi tí wọ́n bá ti múra òǹkàwé sílẹ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì
Kí lẹ ní sí ìbejì?

Àkànní
Ẹ má bínú mà. Kì í ṣe tiyín.

Bùkọ́lá
Èmi máa ń ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pa ajá nínú ìwé, n kì í kà á.

Ọláníkẹ̀ẹ́
Ìwọ lo ni bírò pupa!

Bùkọ́lá
N kì í kọ nǹkan sínú ìwé oníwèé. Àmọ́ òótọ́ ni mo sọ, àyà mi ò gbà á. Ẹ pa èèyàn bó ṣe wù yín, ẹ fi ajá sílẹ̀.

Dèjì
Gbogbo ìtàn tí akọni inú rẹ̀ ní ìwé mẹ́wàá ti sú mi. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀, wọ́n ti iná bọ ilé, mo sì mọ̀ pé kò lè kú, torí ìwé kẹwàá ti wà lórí àtẹ. Ẹ̀rù wo ló wá kù?

Tíṣà Àgbà
Conan Doyle gbìyànjú ìyẹn o. Ó pa Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀, lọ́dún 1893. Àwọn òǹkàwé yarí, wọn ò gbà. Nígbà tó di 1903 ó jí i dìde, ó ní kò kú rárá tẹ́lẹ̀.

Lójú tèmi, kì í ṣe bóyá akọni á kú ló ń mú mi ṣí ojú ìwé. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kà. Mo mọ̀ pé Lápàdé, akọni inú rẹ̀, kò ní kú, torí mo ti ka Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ní 1971. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu òun àti Tàfá Ìgìrìpá ò jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀. Lápàdé yẹn, ẹni tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó sì ṣì ń wá wàhálà kiri.

Aláìsùn
Ẹ̀yin ń sọ ti ọlọ́pàá, ẹni tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni Fágúnwà. Àgbákò inú Ògbójú Ọdẹ, tó ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká. Òru ni mo tún un kà lóṣù tó kọjá. N ò gbádùn ara mi.

Fúnmi K.
Ìyẹn kì í ṣe ìtàn ẹ̀rù, ìtàn ọdẹ ni. Ẹ̀fẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Aláìsùn
Ta ló sọ pé ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀rù ò lè jọ gbé? Ẹ̀rín tí mo rín ni ò jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti wọ igbó jìnnà.

Ṣùpọ̀
Ìbéèrè mi ni pé tí Àgbákò bá fẹ́ sùn, ṣé ó máa ń di gbogbo ojú rẹ̀ pọ̀ ni, àbí ní mẹ́rin-mẹ́rin?

Bùkọ́lá
Ní tèmi o, etí ni mo fi ń gbọ́ gbogbo ìwé ẹ̀rù báyìí, tí mo bá ń fọ abọ́. Ohùn ẹni tó ń kà á ló ń ṣe iṣẹ́ jù.

Àkànní
Ìyẹn kì í ṣe kíkà. Gbígbọ́ ni.

Bùkọ́lá
Ó ti dé.

Ìyá Ìbejì
Àwọn tí wọ́n ń ka ìwé fún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ṣé wọn ò ka ìwé ni?

Àkànní
Wọn ò kà á mà. Wọ́n kà á fún wọn ni.

Bùkọ́lá
Báwo lo ṣe wá fẹ́ ka ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ná nínú èyí tí à ń gbọ́? Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, n ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Dèjì
Fà á síwájú. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń fà á.

Ọláníkẹ̀ẹ́
Dèjì, má kọ́ ọ!