Ilẹ̀ ìyá ọkọ ní etíkun Pariaman: ṣé kí a kọ́lé sí i, tàbí kí a ra òmíràn?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹbí wa tí ẹnu àwọn àgbà kò tíì kò lé lórí. Àbúrò mi obìnrin pàdé ọkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Malaysia. Ọmọ Indonéṣíà ni ọkọ náà, ẹ̀yà Minangkabau, láti abúlé apẹja kan nítòsí Pariaman ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Sumatra. Wọ́n so yìgì níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé ilé ìyá ọkọ báyìí. Àgbọn àti ẹja gbígbẹ ni ọkọ ń tà.

Ìyá ọkọ ti fi ààyè kan hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tirẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́lé sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹlòmíràn ní abúlé náà sì ń fẹ́ ta ilẹ̀ kan tí ó kọjú sí òkun gan-an, ìwé owó orí ilẹ̀ nìkan ni ó sì fi hàn wọ́n. Ẹbí ti gbà láti dá owó jọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kí wọ́n gba ti ọ̀fẹ́, kí gbogbo owó lè di ilé. Ìyá wa ní òun kò gbà, àfi kí a ra ilẹ̀ ní orúkọ ọmọ òun, nítorí pé òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun máa gbé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ìlú tí òun kò mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, èwo ni kí a ṣe?

Èsì, láti ọwọ́ Ará Ìpẹru

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìmójútó ẹbí. Iṣẹ́ gbé mi dé Padang nígbà kan, Pariaman kò sì jìnnà síbẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni àwọn Minangkabau ti ń ka ìdílé. Ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́. Ilé àti ilẹ̀ àjogúnbá ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, arákùnrin ìyá, tí wọ́n ń pè ní mamak, ni ó sì ń ṣe alábòójútó wọn. Ní Ìjẹ̀bú tiwa, ọmọkùnrin ilé ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí, ọmọbìnrin ilé náà sì ní, débi pé àwọn ọmọ tí obìnrin náà bí sílé ọkọ lè padà wá béèrè ìpín ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ ìyá nìkan ṣoṣo ni a ti ń wọlé.

Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá harta pusaka tinggi ni ilẹ̀ tí ìyá ọkọ fi hàn wọ́n, èyíinì ni ogún tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá-ńlá wọn sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ni, ìyá náà kò lè fi ta ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́rẹ pátápátá, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ni ín. Wọn kì í ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà, bí wọ́n bá fẹ́ fi í dúró láti yá owó, ìdí mẹ́rin péré ni àṣà fọwọ́ sí: òkú tí ó wà nílẹ̀ tí kò sí owó ìsìnkú, ọmọbìnrin tí ó ti dàgbà tí kò sí owó láti fi gbé e níyàwó, ilé ńlá ìdílé tí ń jò, àti oyè ìdílé tí ó ti ṣófo tí wọ́n fẹ́ fi ènìyàn jẹ.

Bí ọkọ bá wà láàyè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn arábìnrin ọkọ àti àwọn ọmọ wọn ni ó ni ilẹ̀, ilé tí owó Ìjẹ̀bú kọ́ á sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ àbúrò yín kò ní ìpín níbẹ̀, nítorí pé ìyá wọn kì í ṣe Minangkabau. Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo gbọ́ ọ: abúlé bàbá wọn ni wọ́n ti bí wọn, síbẹ̀ wọn kò ní ìdílé kankan ní abúlé náà, àfi bí ìdílé kan bá fi àṣà gba ìyá wọn mọ́ra.

Harta pusaka rendah ni ẹ̀yin ń wá, ìyẹn ohun ìní tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Nígbà tí àwọn àlùfáà àti àwọn àgbà ìdílé pàdé ní Bukittinggi ní ọdún 1952, wọ́n fẹnu kò pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí a máa fi pín irú èyí, kí àṣà máa darí ogún àtayébáyé.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù: ní Pariaman yìí kan náà, ẹbí ìyàwó ni ó ń gbé owó lọ fún ẹbí ọkọ, uang japuik ni wọ́n ń pè é. Bí wọn kò bá tíì béèrè é lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe rán wọn létí.

Èsì, láti ọwọ́ Lọ́yà Ṣágámù

Ará Ìpẹru ti sọ ti àṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin ìjọba. Òfin ilẹ̀ Indonéṣíà ti ọdún 1960 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ó lè ní hak milik, èyíinì ni ilẹ̀ tí ó jẹ́ tìrẹ títí láé. Ohun tí màmá ń fẹ́ kò ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí ọmọ wọn bá ṣì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn àjèjì kan máa ń fi orúkọ ọmọ onílùú ra ilẹ̀, wọn a sì kọ ìwé mìíràn ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn ni wọ́n ni ín. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú, òfin kan náà ní títà náà kò dúró, ilẹ̀ á di ti ìjọba, ẹni tí ó sanwó kò sì ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀ padà.

Àjèjì tí ó ní ìwé ìgbélùú lè gba hak pakai, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀. Ìlànà ọdún 2021 fún un ní ọdún 30, a lè fi 20 kún un, a sì lè tún un ṣe fún 30 mìíràn. Ó dára fún ẹni tí ó ń kọ́ ilé ńlá. Fún ààyè kékeré ní abúlé, wàhálà ìwé rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ lójú tèmi.

Ní ti ìwé owó orí tí ọlọ́jà ilẹ̀ yẹn gbé jáde, ẹni tí ń san owó ni ó ń fi hàn, kò sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Sertifikat, ìwé ẹ̀rí ẹni tí ó ni ilẹ̀, láti BPN, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ni ẹ ó béèrè.

Èsì, láti ọwọ́ Ọmọ Ìwópin

Ẹ̀yin lọ́yà ń sọ̀rọ̀ ìwé, àwa ará etí omi yóò sọ̀rọ̀ omi. Ìdí wo ni ẹnikẹ́ni fi fẹ́ ra ilẹ̀ tí ó kọjú sí òkun? Àwọn àjèjì tí wọ́n fẹ́ wo òkun ni wọ́n ń sọ ọ́ di olówó iyebíye. Apẹja kò nílò ju ibi tí yóò fa ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí. Ìlànà Indonéṣíà sọ pé ó kéré tán, mítà 100 láti ibi tí omi ń kún dé jùlọ jẹ́ ààyè ààbò etíkun, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gba ìwé ilé kíkọ́ fún yín níbẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Pariaman àti Padang, agbára rẹ̀ tó 7.6, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100. Gbogbo etíkun yẹn ni ó ń bẹ̀rù ìgbì ńlá tí ó lè tẹ̀lé irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Ayétòrò ti àwọn Ìlàjẹ, bí òkun ṣe ń jẹ ìlú náà lójú wa. Òfin ọdún 1960 tí lọ́yà mẹ́nu bà sọ pé bí ilẹ̀ bá pa run, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ pa run pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ilẹ̀ lókè, lẹ́yìn oko àgbọn.

Èsì, láti ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka èsì ará Ìpẹru fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì sọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ mọ́. Bí a bá ra ilẹ̀ òkè ní orúkọ ọkọ nìkan ńkọ́? Wọn kò kọ àdéhùn ohun ìní kankan kí wọ́n tó so yìgì. Bí nǹkan bá sì ṣe ọkọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ni ìpín àbúrò mi?

Èsì, láti ọwọ́ Lọ́yà Ṣágámù

Òfin ìgbéyàwó wọn ti ọdún 1974 sọ pé ohun tí tọkọtaya bá ní lẹ́yìn ìgbéyàwó, ti àwọn méjèèjì ni. Bí kò bá sí àdéhùn, ìdajì ilẹ̀ yẹn á dà bí ti àjèjì, ìdí nìyẹn tí ọkọ fi lè rí ìṣòro níbi ìforúkọsílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, kí ìgbéyàwó tó wáyé nìkan ni wọ́n lè kọ àdéhùn náà; ilé ẹjọ́ tí ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè yí i padà ní ọdún 2016, nítorí náà wọ́n lè lọ bá nótárì nísinsìnyí, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní KUA, ọ́fíìsì ìjọba fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, tí ó kọ ìwé ìgbéyàwó wọn.

Bí ọkọ bá kú tí ó sì fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ìpín ìyàwó ní ìlànà Ìsìláàmù. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ó bá jogún hak milik gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ láàárín ọdún 1, yálà kí ó tà á tàbí kí ó gbé e fún ẹni tí òfin gbà. Àwọn ọmọ pàápàá, tí wọ́n bá ń lo ìwé ìlú méjèèjì, kò lè ní in ní orúkọ ara wọn títí wọn yóò fi mú ti Indonéṣíà. Òfin ọdún 2006 jẹ́ kí wọ́n dúró títí di ọmọ ọdún 21 kí wọ́n tó yàn.

Bí ó bá jẹ́ ẹbí tèmi ni, n kò ní kó gbogbo owó náà lọ sí Sumatra. Ẹ fi apá kan ra ilẹ̀ òkè ní orúkọ ọkọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ àdéhùn. Ẹ fi apá kejì ra ilẹ̀ fún àbúrò yín ní Ìjẹ̀bú níbí, níbi tí kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé ìlú rẹ̀. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò sertifikat, kí BPN yẹ̀ ẹ́ wò, kí mamak ẹni tí ń ta ilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe ogún ìdílé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé títà níwájú PPAT, ẹni tí ìjọba yàn fún ìwé ilẹ̀. Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣòro fún olùtà láti mú wá, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn.