Ọ̀rọ̀ fídíò àbúrò mi: bó ṣe parí rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo bèèrè bá a ṣe lè yọ fídíò àbúrò mi obìnrin kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ṣe fáwọn tó ń sanwó oṣooṣù nìkan tí ọ̀kan nínú wọn wá jí dà síta, tó fi dé orí fóònù àwọn ará ilé wa l'Ádó-Èkìtì.

StopNCII.org la kọ́kọ́ lọ, ìyẹn sáìtì tó ń bá èèyàn dènà kí wọ́n máa pín àwòrán tàbí fídíò ìhòòhò ẹ̀ káàkiri láìgbàṣẹ, ẹni tó ti pé ọdún 18 ló wà fún. Ohun tó fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé fídíò yẹn ò kúrò lórí fóònù ẹ̀ rárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò nọ́ńbà kan jáde látinú ẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ló lọ sọ́dọ̀ Facebook, Instagram, TikTok àtàwọn yòókù kí wọ́n lè dá a mọ̀ tẹ́nì kan bá gbé e síbẹ̀. Àmọ́ téèyàn bá gé fídíò yẹn, nọ́ńbà ẹ̀ ti yí padà nìyẹn.

Google náà yọ ọ̀pọ̀ líǹkì kúrò nínú ohun tó ń jáde téèyàn bá wá a níbẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò yẹn ṣì wà lórí àwọn sáìtì tó gbé e, ìyẹn la fi ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé àbúrò mi ló ni iṣẹ́ ẹ̀. Méjì ò tíì dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ṣebí òun ló ya ara ẹ̀", ó dùn mí gan-an. Ẹni tó sanwó wòran ò ra ẹni tó ń wò.

Màmá wa ò bá a sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n gúnyán, wọ́n ní kó wá jẹun. Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa síbí, ẹ ṣé gan-an.