Tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná: ṣé ká dáwó rà á?

Ìyá Télọ̀, Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí tiransifọ́mà wa ti jóná. Aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́rìnlá wà níwájú mi, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ gbogbo èrè. Àwọn oníná ní àwọn ò ní òmíràn. Ni alága lánlọ́ọ̀dù bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì wá. Ayálégbé lèmi o! Ṣé kí n san án?

Bàbá Mítà: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ àwọn oníná ni láti ra tiransifọ́mà. Bí ẹ bá tiẹ̀ máa rà á, òfin tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, ṣe ní 2015 ní kí ẹ kọ́kọ́ jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà. Láìsí ìwé yẹn, ẹ ti fi ta wọ́n lọ́rẹ nìyẹn. Ó ṣe wá rí.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́: Kí gbogbo ilé fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí àwọn oníná, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2024, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC lọ dí ẹnu ọ̀nà NERC l'Ábùjá nítorí owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, tó fò láti náírà 68 sí 225 fún ìwọ̀n iná kan (kWh). Èrò ni wọ́n kó lọ, kì í ṣe ẹnì kan.

Ìyá Télọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á sétí alága, ó ní télọ̀ ti di lọ́yà. Ilé 11 ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ọkùnrin tó ń ta epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sá fún wa.