Pilates àtijọ́ àbí ti ìgbàlódé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

ÌyáÌbejì_SE15
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ńbí, ká gbé wọn dìde, ká dá wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ọdún kẹfà rèé, ẹ̀yìn mi ò wá gbà mọ́. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ wẹ àwọn ọmọ lálẹ́, àfi kí n di etí báàfù mú kí n tó lè nàró. GP, dókítà àdúgbò mi, yẹ̀ mí wò, ó ní kò sóhun tó bàjẹ́, kí n lọ máa ṣe Pilates, eré ìdárayá tó ń fún ikùn àti ẹ̀yìn lókun. Ibi méjì ló wà nítòsí mi, ọ̀kan kọ "classical" (ti àtijọ́) sára gíláàsì ẹ̀, ìkejì kọ "contemporary" (ti ìgbàlódé). Mo bi àwọn ti àkọ́kọ́ pé kí ni ìyàtọ̀, wọ́n ní tàwọn ni ojúlówó. Mo bi àwọn ìkejì, wọ́n ní tàwọn ò lè pa èèyàn lára. Èwo ni kí n náwó lé lórí báyìí?

Bọ̀ọ̀dá_Bronx
Ojúlówó ni kẹ́ ẹ lọ jàre. Ọmọ Jámánì kan, Joseph Pilates, tí wọ́n bí ní 1883, ló dá a sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé torí pé ọmọ ọ̀tá ni, ó pẹ́ ní àgọ́ wọn ní erékùṣù Isle of Man, ibẹ̀ náà ló ti ń kó àwọn tí wọ́n jọ há mọ́lé ṣe eré ìdárayá. 1926 ló dé New York, òun àti Clara, ìyàwó ẹ̀, ṣí ibi ìdárayá sí Eighth Avenue. Contrology lòun fúnra ẹ̀ ń pè é o. Ìwé tó gbé jáde ní 1945, eré 34 ló wà ńbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀léra wọn, tíṣà tó mọṣẹ́ ò sì ní da ètò yẹn rú fún yín. Èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, Hundred, ẹ máa fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè, ẹ máa fọwọ́ lu afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ fa èémí sínú fún márùn-ún, ẹ tú u jáde fún márùn-ún, títí tó fi máa pé 100. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mi ò tíì dé 60 tí ọrùn mi fi ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tuntun. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo ń gbé àpótí ẹrù láì pe ẹnikẹ́ni.

Àǹtí_Físíò
Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lẹ fẹ́ kó fi Hundred bẹ̀rẹ̀? Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, irú ẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ìyá Ìbejì, ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ jù nìyí: tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tíṣà àtijọ́ sábà máa ń ní kẹ́ ẹ tẹ ẹ̀yìn mọ́ máàtì pátápátá, ti ìgbàlódé á fi àlàfo kékeré tó máa ń wà láàárín ẹ̀yìn àti máàtì sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Wọ́n á tún gé eré kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ki bọ́ọ̀lù tàbí rọ́bà bọ̀ ọ́, bí ara yín bá ṣe gbà ni. Àwọn tí osteoporosis ti ń jẹ eegun wọn, kí wọ́n má tiẹ̀ dán yíyí gbiri lórí máàtì yẹn wò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òògùn-ajẹ́bíidán tan yín o. Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí jọ lórí Pilates ní 2015, ó sàn fún ẹ̀yìn dídùn ju kéèyàn jókòó lásán lọ, ṣùgbọ́n wọn ò rí i pé ó ju eré ìdárayá mìíràn lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rìn yípo páàkì, ọ̀fẹ́ ni 😂

Lekki_Babe
Ẹ má wo orúkọ tó wà lára gíláàsì. Èyí tí mo lọ ní Èkó ńbí, "contemporary" ni wọ́n pè é, àwa 14 lórí Reformer, bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ tó ní sípíríǹgì àti okùn, pátákó ẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Orin ń dún gbàà, tíṣà ń pariwo sínú máíkì, kò wo ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúnkún mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti 2000 tí kóòtù kan ní New York ti ní orúkọ Pilates kì í ṣe ti ẹnì kankan, ẹni tó bá wù ló lè kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Ẹ bi tíṣà pé ibo ló ti kọ́ṣẹ́, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Àwọn kan fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí kọ́ ọ, àwọn kan ò ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Bọ̀ọ̀dá_Bronx
Mo gbà fún yín lórí ìyẹn. Bàbá Joseph Pilates fúnra ẹ̀, tẹ́ni tí ara ń ro bá wá bá a, kì í fún un ní ohun tó ń fún oníjó. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀lù yẹn ò tíì wọ̀ mí létí o.

ÌyáÌbejì_SE15
Ẹ ṣé o. Mo ti dé ibi méjèèjì wò. Ti àtijọ́ yẹn, ó mọ́ tónítóní, kò sórin, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ sípíríǹgì wọn le, tí mo bá sì ṣe tán obìnrin yẹn á ní kí n tún un ṣe. Ní ìkejì, àwa mẹ́rin péré ni. Tíṣà ki bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ìdí mi, ó ní kí n kàn máa mí. Kò pẹ́ tó fọwọ́ kan ìbàdí mi, ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì ń gbéra sókè, ṣé mo máa ń gbé nǹkan sí i? Ẹnu yà mí. Ẹ̀gbẹ́ òsì gan-an ni mo máa ń fi gbé bàbá tí mò ń tọ́jú. Mo ti sanwó kíláàsì márùn-ún níbẹ̀, tára mi bá le tán mo lè padà sí ti àtijọ́. Wọ́n ní kí n mú sọ́ọ̀kì tó ní rọ́bà lábẹ́ wá, níbo ni wọ́n ti ń tà á tí kò wọ́n?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú
Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ta sọ́ọ̀kì ọmọdé, rọ́bà wà lábẹ́ tiwọn náà. Ẹ wá èyí tó tóbi jù.