Kíndìnrín mi tó kú sínú àbúrò mi

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú:
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Láti àná ni mo ti ń ka ohun tí ẹ̀ ń kọ nípa iṣẹ́ abẹ pípààrọ̀ kíndìnrín, gbogbo yín ń béèrè pé èló ni, ni mo bá ní kí n sọ tèmi, torí owó tí ẹ̀ ń béèrè yẹn kọ́ ló ṣe wá léṣe.

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa bọ́ọ̀sì ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ní tí kò tọ́jú, ẹsẹ̀ ń wú, ojú ń wú, a ń sọ pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Ìgbà tí wọ́n fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kíndìnrín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kó máa wá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan ni agbára wa gbé. Tá a bá ti fo ọjọ́ kan, tó bá sùn lóru, àyà ẹ̀ á máa hó bí ìkòkò tó wà lórí iná.

Ọkùnrin kan tiẹ̀ bá mi lẹ́nu géètì ọsibítù, ó ní òun mọ ọmọ kan tó fẹ́ ta kíndìnrín tiẹ̀. Mo lé e. Òfin ìlera 2014 ti ní kò gbọdọ̀ sí títà kò gbọdọ̀ sí rírà, ẹ sì rántí sẹ́nétọ̀ wa, Ike Ekweremadu, àti ìyàwó ẹ̀ tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2023 torí ọmọkùnrin tí wọ́n mú láti Èkó lọ síbẹ̀ nítorí kíndìnrín ẹ̀. Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀, mi ò tíì rí ọmọ olówó tó ń wá ẹni tó máa ra kíndìnrín òun.

Ni mo bá ní kí wọ́n yẹ èmi wò bóyá mo lè fún un ní ọ̀kan nínú tèmi, ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Ìjọ dá owó, ẹgbẹ́ aládìrẹ dá, àwọn awakọ̀ dá, a ta ilẹ̀ bàbá wa mọ́ ọn, Èkó ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti là mí, ó dùn mí gan-an, mo gbọ́ pé níbòmíì ihò kéékèèké ni wọ́n fi ń yọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì mí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé àpò tí ìtọ̀ ẹ̀ ń dà sí sókè kí n rí i, ó kún, ó ń dán. Ó pẹ́ tá a ti rí irú ẹ̀ lára ẹ̀. Mo sunkún.

Kí wọ́n tó ní ká máa lọ, dókítà pè wá jókòó. Ó ní pípààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere, ní Boston l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 1954, ìbejì tó jọra délẹ̀ ni wọ́n, ìyẹn lara ẹni tó gbà á ò ṣe bá kíndìnrín náà jà. Àwa kì í ṣe ìbejì, oògùn láá máa tu ara ẹ̀ lójú kó má bàa bá kíndìnrín mi jà, aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, títí ayé.

Títí ayé yẹn la ò ṣírò. Owó iṣẹ́ abẹ la dá, a ò dá owó oògùn, ẹni tó sì ti fún èèyàn lówó ńlá lẹ́ẹ̀kan, ojú wo lèèyàn fẹ́ fi máa lọ bá a lóṣooṣù? Dọ́là wọ́n, oògùn wọ́n tẹ̀lé e. Àbúrò mi ò sọ fún mi, ó ń lo tòní ó ń fo tọ̀la. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, álààmù fóònù ẹ̀ dún láago mẹ́jọ, ó pa á, kò dìde. Mo ṣí ike oògùn, ẹyọ mẹ́ta ló kù. Ó ní òun ń fi wọ́n pamọ́ ni.

Kò pé ọdún mẹ́ta tí kíndìnrín mi fi kú sínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó oògùn pamọ́ lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ.

Bàbá Fẹ́mi, Adátán:
Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà gba kíndìnrín, wọn ò fo oògùn rárá, kíndìnrín yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló mú wọn lọ lọ́dún kejì. Oògùn tó ń dá a sí náà ló ṣílẹ̀kùn ara wọn sílẹ̀ fún àìsàn. Báwo ni àbúrò yín báyìí?

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú:
Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, bàbá. Ó wà láyé, mo dúpẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ló padà sí. Láti 2025 tí ìjọba àpapọ̀ ti já owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wálẹ̀ láti 50,000 sí 12,000 náírà láwọn ọsibítù wọn kan, tó fi mọ́ Ìdí-Àbá wa níbí, a ń rí i ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a lọ ní Túsìdeè. Tá a bá ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ á bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀gbẹ́ yín ò dùn yín mọ́?" Mo máa ń ní kò dùn mí. Ó ṣì máa ń dùn mí tójò bá ti fẹ́ rọ̀.