Ìjàlọ lé oyin mi lọ lẹ́ẹ̀kejì: ẹsẹ̀ irin ni kí n ṣe ni àbí búlọ́ọ̀kù?

Ìyá Bọ́láńlé: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Káfíńtà kan ní ìsọ̀ pákó Bódìjà ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó fi ìrókò kan ẹsẹ̀ tí màá gbé àpótí oyin mẹ́ta lé. Ó gbowó ìrókò, arère ló fi kàn án. Mi ò mọ̀ ọ́n, ó ti fi ọ̀dà pupa kùn ún, ó ń dán yinrin. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ikán fi jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo pè é, ó ní, "Màmá, ilẹ̀ yín ló ní ikán." Ẹ gbọ́ o! Ilẹ̀ wo ní Omi Àdìó ni kò ní ikán?

Àbúrò ọkọ mi tí mo fi ṣọ́ oko, fóònù ló ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Sátidé ló wá pè mí pé ìjàlọ ti bo àpótí kan, oyin ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù méjì. Ọkọ mi ní ṣebí òun ti sọ pé adìẹ ni kí n máa sìn.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n fi irin ṣe ẹsẹ̀ tuntun ni àbí kí n to búlọ́ọ̀kù? Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó? Wẹ́dà ń dúró dè mí.

Dípọ̀ Alápòótí: Irin, irin, irin. Páìpù mẹ́rin, kó ga tó mítà kan, kí ẹ má baà máa bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo, kí ẹ bu ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí i. Èèrà kankan ò ní gùn ún. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Gate ni mo ti ń gba tèmi, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Sùnkànmí: Búlọ́ọ̀kù? Ẹ má dán an wò. Èmi to méjì-méjì léra, mo gbé àpótí lé e. Alaalẹ́ ni ọ̀pọ̀lọ́ kan ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà oyin, bí ọ̀kan bá yọjú báyìí, ó ti gbé e mì. Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn sanra! Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ni. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ló ṣẹ́jú sí mi.

Bàbá Mọníyà: Dípọ̀, o ò sọ ti òjò. Òjò á rọ̀ sínú agolo, omi á lọ sábẹ́, ọ́ìlì á léfòó, á sì ṣàn dà sílẹ̀. Lẹ́yìn òjò méjì, omi lásán ló kù. Oyin tí òùngbẹ ń gbẹ á tún bọ́ sínú ẹ̀ kú. Ẹ wá ike tàbí páànù, ẹ lu ihò sí i láàárín, kí ẹsẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, kó dà bí agboòrùn lórí agolo náà. Ẹ sì máa ro abẹ́ ẹ̀. Koríko kan ṣoṣo tó bá fara kan àpótí, afárá ni fún èèrà láti dé ibi afárá oyin.

Wọlé Ajé: Ká má tan ara wa, irin ti wọ́n. Ẹsẹ̀ gígùn kan ni kí ẹ ṣe, bí bẹ́ǹṣì, kí ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ẹ̀.

Bàbá Mọníyà: Kí wọ́n má ṣe é o! Tí ẹ bá ṣí ọ̀kan, ìmìtìtì rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ méjì tó kù, inú á bí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Oyin tiwa níbí kì í ṣe oyin òyìnbó tí wọ́n ń fọwọ́ lásán kó. Èmi sá títí mo fi bàtà ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀. Àpótí kan, ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Wọlé Ajé: Bẹ́ǹṣì lèmi ń lò láti ọdún márùn-ún, nǹkan kan ò ṣe mí.

Bàbá Mọníyà: Àpótí mélòó lo ní?

Wọlé Ajé: Ẹyọ kan báyìí ṣá.

Àdùkẹ́ Oníìda: Ẹ jọ̀ọ́ màmá, nígbà tí ọmọ yẹn débẹ̀, ṣé òkú oyin wà nílẹ̀?

Ọlọ́yàyà: Ta ni ò mọ arère? Fúyẹ́fúyẹ́ ni, ọmọdé lè gbé e. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ̀bi, ẹ ò mú ẹni tó mọ igi dání lọ.

Ìyá Bọ́láńlé: Ẹ ṣeun o. Ọlọ́yàyà, mi ò wá síbí kí ẹ wá bú mi. Káfíńtà ló jalè, èmi kọ́. Bàbá Mọníyà, ẹ kú àlàyé, màá ní kí wẹ́dà ṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àdùkẹ́ Oníìda: Màmá, ẹ ò dá mi lóhùn. Tí ìjàlọ bá ká oyin mọ́lé, oyin á gbéra lọ ni, ìjàlọ á sì kó ẹyin àti ọmọ wọn tán pátápátá. Ṣé òkú wà nílẹ̀?

Ìyá Bọ́láńlé: Ó wà. Ó kún igbá kékeré kan. Ọmọ yẹn ya fọ́tò ẹ̀, ahọ́n gbogbo wọn yọ síta bí ẹni tí òùngbẹ pa.

Àdùkẹ́ Oníìda: Kí lẹ fi pa ikán tó ń jẹ ẹsẹ̀ yẹn?

Ìyá Bọ́láńlé: Ṣé kí n káwọ́ gbera máa wò ó ni? Mo ra oògùn ikán ní Ògùnpa. Ọjọ́rú, ọmọ yẹn fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára ẹsẹ̀, sí ìdí àpótí, àti sára pákó pẹlẹbẹ tí oyin ń bà lé kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n ìjàlọ la bá níbẹ̀ ní Sátidé.

Àdùkẹ́ Oníìda: Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ìyá Bọ́láńlé: A kun ìyẹn náà.

Àdùkẹ́ Oníìda: Màmá, kòkòrò ni ikán, kòkòrò loyin. Òkú ni ìjàlọ wá kó.

Dípọ̀ Alápòótí: Háà! Gbogbo ohun tí a ti ń sọ látàárọ̀, ẹ ò sì mẹ́nu ba oògùn!

Ìyá Bọ́láńlé: Ẹsẹ̀ ni mo béèrè. Ta ló bi mí ní ti oògùn?

Bàbá Mọníyà: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àpótí kẹta ńkọ́?

Ìyá Bọ́láńlé: Oyin ṣì wà níbẹ̀. Oògùn ló tán kí ọmọ yẹn tó kàn án.

Bàbá Mọníyà: Ọlọ́run ló yọ yín. Kó má fi búrọ́ọ̀ṣì kankan kàn án o. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ẹsẹ̀ irin, kó sì tẹ́jú gbọọrọ; tó bá fì, afárá á máa so wọ́. Tílẹ̀ bá ti ṣú, tí gbogbo wọn ti wọlé, ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ tuntun lójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, kó kọjú síbi tó kọ sí. Tí ẹ bá sún un lọ sápá ibòmíì nínú oko, ojú ibi àtijọ́ ni wọ́n á máa padà sí. Àpótí méjì tí ẹ kùn yẹn, ẹ má lò wọ́n mọ́. Ẹ má sì fi dáná.

Àdùkẹ́ Oníìda: Oyin tó wà nínú afárá tó kù ńkọ́?

Ìyá Bọ́láńlé: Wọ́n ti fún un jáde nínú afárá. Ìgò kan àbọ̀. Mo fún wẹ́dà ní ìgò kan kó lè tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àdùkẹ́ Oníìda: Ẹ pè é báyìí-báyìí. Kó má lá a mọ́. Tí inú bá ń yí ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni o, kí ẹ sì mú ike oògùn yẹn dání kí dókítà lè rí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Ìyá Bọ́láńlé: Mo ti pè é. Ó ní ó dùn, ìyàwó òun ti fi mu ẹ̀kọ.

Àdùkẹ́ Oníìda: Màmá, ẹ tún un pè. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ má fi bò.

Ìyá Bọ́láńlé: Ó ń dún, kò gbé e.

Olóko Akànrán: Ẹ kú alẹ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èyí ni. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni kí ẹ bu sínú agolo mẹ́rin, wàhálà tán.